Títẹ Àlẹ̀mọ́ ní Èdè Yorùbá láti Orí Fóònù: Ohun tí Áàpù Gbọ́dọ̀ Ṣe kí Àmì Má Baà Sọnù

Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé fún àwọn olùkọ́, àwọn atẹ̀wétà àti àwọn olùṣètò ìdánwò bí a ti lè ṣe áàpù orí fóònù tí yóò máa tẹ àlẹ̀mọ́ ní èdè Yorùbá, láìjẹ́ kí àmì ohùn kan tàbí àmì abẹ́ lẹ́tà kan bọ́ sọnù lójú ọ̀nà. Àlẹ̀mọ́ tí a ń wí ni ìwé pélébé tí ó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, tí a ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé inú yàrá ìkàwé, mọ́ páálí ìwé tí a fẹ́ fi ránṣẹ́, tàbí mọ́ àpò tí a di ìwé ìbéèrè ìdánwò sí.

Ní ìgbà kan, ilé ìtẹ̀wé ni a ń gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tí ó ń to lẹ́tà níbẹ̀ sì ní láti mọ àkọtọ́. Ní òde òní, fóònù kan àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré kan tí ọwọ́ lè gbé ti tó láti ṣe é ní kọ̀rọ̀ ọ́fíìsì. Ìrọ̀rùn ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n ó ti gbé agbára kan lé ẹni tí a kò rò lọ́wọ́. Ẹni tí ó ṣe áàpù náà ni ó ń pinnu nísinsìnyí bóyá àkọtọ́ wa yóò dé orí ìwé ní pípé tàbí ní ààbọ̀, ó sì lè jẹ́ pé kò gbọ́ èdè náà rárá. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹni tí ó gbé iṣẹ́ fún un mọ ohun tí yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

I. Iṣẹ́ tí àlẹ̀mọ́ ń ṣe

Nínú ìwé, gbólóhùn a máa ran òǹkàwé lọ́wọ́. Bí ẹnìkan bá ń ka ìtàn àgbẹ̀, tí ó sì rí "oko" níbi tí ó yẹ kí "ọkọ́" wà, àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká lè tọ́ ọ sọ́nà. Lórí àlẹ̀mọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń dá dúró. Kò sí aládùúgbò tí yóò jẹ́rìí sí i.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ yìí: "igba". Bí a bá rí i lára páálí, tí a kò sì mọ̀ bóyá àmì rẹ̀ ti sọnù, ó lè jẹ́ "igba", èyí tí í ṣe 200. Ó lè jẹ́ "igbá" tí a fi ń bu omi. Ó lè jẹ́ "igbà" tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Ó sì lè jẹ́ "ìgbà", èyí tí í ṣe àsìkò. Ẹni tí ń ka ẹrù kò lè mọ̀ bóyá iye ni a sọ fún un ni, tàbí orúkọ ohun tí ó wà nínú páálí. Bákan náà, bí a bá kọ "Ede" sí àpò ìwé ìdánwò, ṣé "Èdè" ni, èyí tí í ṣe orúkọ iṣẹ́ tí a fẹ́ dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò lé lórí, tàbí "Ẹdẹ", ìlú tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí a fẹ́ fi àpò náà ránṣẹ́ sí?

Ohun kan wà nínú àkọtọ́ Yorùbá tí ó mú kí ọ̀ràn yìí le ju bí ó ti rí ní àwọn èdè mìíràn lọ. Ohùn mẹ́ta ni a ní, ṣùgbọ́n méjì péré ni a sábà máa ń fi àmì sí, èyíinì ni ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀. Ohùn àárín a máa wà láìní àmì. Nípa bẹ́ẹ̀, àìsí àmì gan-an ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ju àmì "igbá" nù, kò fi àyè òfìfo sílẹ̀ fún òǹkàwé láti fura sí. Ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó pé pérépéré ni ó fi rọ́pò rẹ̀. Àlẹ̀mọ́ tí ó gé àmì kúrò kò dákẹ́, irọ́ ni ó ń pa.

Àwọn àmì wọ̀nyí kì í ṣe ohun tuntun. Láti ìgbà tí Samuel Ajayi Crowther ti tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843 ni ọ̀ràn bí a ó ti máa kọ èdè náà sílẹ̀ ti wà níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé. A ṣe àpérò lé e lórí ní Èkó ní 1875, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò ní ilé ìwé títí di òní ní 1974. Ní àkókò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé onítẹ̀, àwọn akọ̀wé a máa tẹ lẹ́tà, wọn a sì fi kálámù tọ́ àmì sí i lẹ́yìn. Ọgbọ́n yẹn kò ṣe é dá mọ́ nígbà tí àlẹ̀mọ́ ń tú jáde ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún láti inú ẹ̀rọ.

II. Bí ọ̀rọ̀ ti ń wọ inú fóònù

Ibi mẹ́ta ni àmì ti lè sọnù: ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọlé sínú fóònù, ibi tí fóònù ti ń fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àti ibi tí ẹ̀rọ náà ti ń fi iná tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. A ó gbé wọn yẹ̀wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Fóònù kì í tọ́jú lẹ́tà bí a ti ń rí i. Nọ́ńbà ni ó ń tọ́jú. Ìlànà tí gbogbo ayé fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà ni a ń pè ní Unicode, ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ sì jáde ní 1991. Nínú rẹ̀, "ẹ" ní nọ́ńbà kan tí í ṣe tirẹ̀, U+1EB9. "ọ" ní U+1ECD. "ṣ" ní U+1E63. Ṣùgbọ́n "ẹ́" kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. A ní láti fi nọ́ńbà "ẹ" àti nọ́ńbà àmì ohùn òkè, U+0301, ṣe é. Ìlànà náà kò sì ní fún irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ní nọ́ńbà tuntun mọ́, nítorí pé a ti lè fi èyí tí ó wà kọ ọ́.

Ìṣòro tí èyí bí ni pé ọ̀nà mẹ́rin ni a lè gbà kọ "ẹ́" kan náà. A lè kọ "ẹ" kí a sì fi àmì ohùn lé e. A lè kọ "é", kí a sì fi àmì ìsàlẹ̀, U+0323, sí i. A lè kọ "e" lásán, kí a fi àmì ìsàlẹ̀ ṣáájú, kí àmì ohùn tẹ̀lé e. Tàbí kí a fi àmì ohùn ṣáájú, kí ti ìsàlẹ̀ tẹ̀lé e. Ojú ènìyàn kò lè mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n lójú ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí olùkọ́ kan bá fi kíbọọ̀dù kan kọ "Ẹ̀kọ́" sínú àkọsílẹ̀, tí olùkọ́ mìíràn sì fi kíbọọ̀dù ọ̀tọ̀ wá a, áàpù lè dáhùn pé kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, nígbà tí ìwé náà wà lórí pẹpẹ.

Ojútùú rẹ̀ ni pé kí áàpù sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di oríṣi kan kí ó tó tọ́jú rẹ̀. Ìlànà Unicode ti pèsè ọ̀nà kan fún èyí tí a ń pè ní NFC, a sì ti ṣe é mọ́ Android àti iPhone. Ẹni tí ń ṣe áàpù kò ní láti dá a sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ó bá ti lò ó, ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò di ọ̀kan.

Ọ̀kan wà síbẹ̀ tí NFC kò lè tún ṣe. Àwọn kíbọọ̀dù kan a máa fi ìlà kékeré tí ó dúró ṣánṣán, U+0329, sí abẹ́ lẹ́tà dípò àmì roboto, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú àwọn ìwé kan tí a tẹ̀ láyé àtijọ́. Unicode ka èyí sí àmì ọ̀tọ̀ pátápátá. Áàpù gbọ́dọ̀ ní òfin tirẹ̀ tí yóò fi àmì roboto rọ́pò rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá.

Ìkìlọ̀ kan ṣì kù lórí ibi ìwọlé yìí. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé a máa to orúkọ sínú ìwé onílà ti kọ̀ǹpútà, wọn a sì fi í pamọ́ ní oríṣi tí a ń pè ní CSV kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí fóònù. Bí a kò bá yan UTF-8 nígbà tí a ń fi í pamọ́, "ẹ", "ọ" àti "ṣ" lè di àmì ìbéèrè. Ohun tí ó bá ti sọnù níbẹ̀, áàpù kankan kò lè dá a padà.

III. Bí fóònù ti ń bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀

Ẹ̀rọ tí ń tẹ àlẹ̀mọ́ ní èdè tirẹ̀ tí a fi ń pàṣẹ fún un. Èyí tí ilé-iṣẹ́ Zebra gbé jáde ni ZPL. Èyí tí Epson gbé jáde ni ESC/POS. Àwọn mìíràn sì wà. Nínú èdè wọ̀nyí, ọ̀nà méjì ni a lè gbà tẹ ọ̀rọ̀. Èkíní ni pé kí fóònù fi nọ́ńbà lẹ́tà ránṣẹ́, kí ẹ̀rọ náà sì yà wọ́n láti inú àkójọ àwòrán lẹ́tà tirẹ̀, èyí tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní fọ́ǹtì. Èkejì ni pé kí fóònù fúnra rẹ̀ ya gbogbo àlẹ̀mọ́ náà ní àwòrán, kí ó sì fi àwòrán ránṣẹ́.

Ọ̀nà kìíní ni àwọn tí ń ṣe áàpù sábà máa ń yàn, nítorí pé ó yá, ó sì rọrùn. Fún èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò ní àbùkù. Fún Yorùbá, àbùkù rẹ̀ pọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni a ṣe láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú àkójọ lẹ́tà àwọn ará Yúróòpù, irú èyí tí a mọ̀ sí 850. "À", "é" àti "ù" wà nínú rẹ̀, nítorí pé àwọn ará Faransé àti Ítálì ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n "ẹ", "ọ" àti "ṣ" kò sí níbẹ̀. Bí fóònù bá fi UTF-8 ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ tí ń retí 850, kódà "à" kò ní jáde dáadáa: báìtì 2 ni ó jẹ́ ní UTF-8, ẹ̀rọ yóò sì ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí lẹ́tà kan, yóò tẹ nǹkan méjì tí kò jọ ara wọn. A lè pàṣẹ fún ẹ̀rọ kan kí ó máa ka UTF-8, síbẹ̀ bí fọ́ǹtì inú rẹ̀ kò bá mọ bí a ti ń gbé àmì lé orí lẹ́tà, àmì ohùn yóò bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí àpótí òfìfo jáde ní ipò rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tuntun kan wà tí ó lè ṣe é bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n ilé ìwé kò lè fi ọkàn tán pé irú wọn ni òun yóò rí rà.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa ni pé kí a gba ọ̀nà kejì. Fóònù mọ bí a ti ń gbé àmì lé lẹ́tà. Ojoojúmọ́ ni ó ń ṣe é lójú ara rẹ̀. Kí a fi fọ́ǹtì kan tí a mọ̀ pé ó ní ipò fún àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ sínú áàpù náà, irú bíi Noto Sans tàbí Charis SIL, tí àṣẹ wọn gba ẹnikẹ́ni láyè láti fi wọ́n sínú áàpù láìsan owó. Kí áàpù fi í ya àlẹ̀mọ́ ní dúdú àti funfun, kí ó sì fi àwòrán náà ránṣẹ́. ZPL àti ESC/POS ní àṣẹ fún àwòrán. Bí a bá pààrọ̀ ẹ̀rọ lọ́la, apá kékeré tí ń fi àwòrán ránṣẹ́ nìkan ni a ó tún ṣe, àkọtọ́ kò sì ní yí padà.

Àwọn kan a máa sọ pé àwòrán wúwo jù. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Àlẹ̀mọ́ tí ó fẹ̀ ní mílímítà 50, tí ó sì ga ní mílímítà 30, lórí ẹ̀rọ tí ó ní ojú iná 8 nínú mílímítà 1, jẹ́ ojú iná 400 ní ìbú àti 240 ní gíga. Báìtì 1 ń gbé ojú iná 8, nítorí náà ìlà kọ̀ọ̀kan gba báìtì 50, gbogbo àlẹ̀mọ́ sì gba 12,000. Ìwọ̀n yìí kéré gan-an sí fọ́tò kan ṣoṣo tí a ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù lójoojúmọ́.

Ní ti bí fóònù ti ń so mọ́ ẹ̀rọ, Bluetooth àti Wi-Fi ni a ń lò. Láti Android 12, tí ó jáde ní 2021, áàpù gbọ́dọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni fóònù kí ó tó lè so mọ́ ẹ̀rọ Bluetooth. Bí kò bá tọrọ rẹ̀, kò ní rí ẹ̀rọ náà lò. Ti iPhone le díẹ̀ sí i, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ Bluetooth ni Apple gbà láyè. Kí ilé ìwé béèrè èyí kí ó tó ra ẹ̀rọ.

IV. Bí iná ti ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé

Ẹ̀rọ àlẹ̀mọ́ ń fi ooru ṣiṣẹ́. Ojú iná kéékèèké tò sí orí rẹ̀ ní ìlà kan. Èyí tí ó bá gbóná a tẹ àmì dúdú, èyí tí kò gbóná a fi funfun sílẹ̀. Kò sí àárín méjì. Lójú fóònù, àwọ̀ eérú a máa wà ní etí lẹ́tà kí ó lè dán. Nígbà tí a bá sọ eléyìí di dúdú àti funfun, àwọ̀ eérú a di funfun, ohun tí ó tín-ín-rín jù lọ ni yóò sì kọ́kọ́ lọ. Àmì wa ni ó tín-ín-rín jù lọ. Kí áàpù ya lẹ́tà láìní àwọ̀ eérú, kí ó sì lo lẹ́tà tí ó sanra díẹ̀.

Ìwọ̀n pẹ̀lú ṣe pàtàkì. Lórí ẹ̀rọ tí a wí, bí gíga "o" kékeré bá jẹ́ mílímítà 1, ojú iná 8 ni ó gbé e, àmì abẹ́ rẹ̀ kò sì ní ju ojú iná 1 tàbí 2 lọ; eruku díẹ̀ tó láti pa á rẹ́. Bí gíga náà bá di mílímítà 2, àmì yóò gba ojú iná 3 tàbí 4, ojú yóò sì rí i láìṣiyèméjì. A dámọ̀ràn pé kí ó má ṣe kéré ju èyí lọ. Kí àyè sì wà láàárín ìlà méjì, kí àmì abẹ́ "ọ" tí ó wà lókè má baà dà pọ̀ mọ́ àmì orí "Ẹ́" tí ó wà nísàlẹ̀. Ẹni tí ó bá fi "E" lásán wọn gíga ìlà yóò gé orí "Ẹ́" dànù.

Kí a rántí pẹ̀lú pé ìwé tí ooru ń sọ di dúdú fúnra rẹ̀ a máa ṣá bí ó bá pẹ́ nínú oòrùn tàbí ooru. Ó dára fún àpò ìdánwò tí kò ní pẹ́. Fún ìwé inú yàrá ìkàwé, ẹ̀rọ tí ń lo ríbọ́ọ̀nù ni ó yẹ.

V. Gígé ọ̀rọ̀, àmì onílà, àti orúkọ ènìyàn

Bí orúkọ bá gùn ju àlẹ̀mọ́ lọ, áàpù a máa gé e. Ibi tí ó ti ń gé e ni kí a ṣọ́. "Ọ̀wọ̀", ìlú tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, jẹ́ lẹ́tà 3 lójú wa. Ó jẹ́ nọ́ńbà 5 nínú Unicode, àti báìtì 11 nínú UTF-8. Áàpù tí ó bá ń ka báìtì tàbí nọ́ńbà lè gé e láàárín lẹ́tà àti àmì rẹ̀, kí "Ọ̀wọ̀" sì di "Ọ̀wọ". Kí áàpù máa ka lẹ́tà bí ojú ti ń rí i. Ó sàn kí ó mú ọ̀rọ̀ lọ sí ìlà kejì ju kí ó gé e lọ.

Àmì onílà dúdú tí ẹ̀rọ ń kà kò gbọ́dọ̀ gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá. Oríṣi tí a ń pè ní Code 128 kò mọ ju lẹ́tà àti nọ́ńbà Gẹ̀ẹ́sì lásán lọ. Kí a fi nọ́ńbà ISBN, tí ó ní òǹkà 13, tàbí nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ sínú rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ Yorùbá sì wà lókè rẹ̀ fún ènìyàn láti kà.

Ní ti orúkọ ènìyàn, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Áàpù kò mọ ilé ẹnikẹ́ni, nítorí náà kí ó má ṣe fi àròsọ fi àmì sí orúkọ. Àwọn ìdílé kan ń fi "sh" kọ orúkọ wọn dípò "ṣ", báyìí ni ó sì wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò. Kí olùṣètò ìdánwò tẹ̀ ẹ́ bí ó ti wà níbẹ̀. Orúkọ ìwé, orúkọ iṣẹ́ àti orúkọ ìlú ni kí ó tẹ̀lé àkọtọ́ 1974. Bákan náà, ìwé Yorùbá tí ó ti Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wá lè ní "ɛ" àti "ɔ", gẹ́gẹ́ bí álífábẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fọwọ́ sí níbẹ̀ ní 1975. Atẹ̀wétà tí ń kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ wọlé gbọ́dọ̀ jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà bí ó ti wà lára ìwé náà. Bí a bá ń wá nǹkan, kí áàpù gbà kí ènìyàn tẹ "oyo" kí ó sì rí "Ọ̀yọ́". Ṣùgbọ́n "Ọ̀yọ́" ni kí ó tẹ̀ jáde.

VI. Bí a ó ti dán áàpù wò

Kí ilé ìwé tàbí ilé ìtẹ̀wé kankan tó gba áàpù lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é, kí ó béèrè fún àwọn nǹkan wọ̀nyí:

(1) Kí ó tẹ Ẹ́ Ẹ̀ Ọ́ Ọ̀ Ṣ, ẹ́ ẹ̀ ọ́ ọ̀ ṣ, ń ǹ ḿ m̀, kí àmì kọ̀ọ̀kan sì wà ní ipò rẹ̀.

(2) Kí a kọ "Ẹ̀kọ́" ní ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a ti wí, kí àlẹ̀mọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde bákan náà, kí wíwá ọ̀kan sì rí gbogbo wọn. Kí a fi ti onílà ìsàlẹ̀ kún un.

(3) Kí a tẹ ìlà méjì, "ọ ẹ ṣ" lókè, "Ẹ́ Ọ́" nísàlẹ̀, kí àmì wọn má ṣe kan ara wọn.

(4) Kí a fi orúkọ gígùn kan sí àlẹ̀mọ́ tóóró, kí a wo ibi tí ó ti gé.

(5) Kí a tún gbogbo rẹ̀ ṣe lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oríṣi mìíràn.

(6) Kí a fún ẹni tí kò mọ ohun tí a kọ ní àlẹ̀mọ́ "igba", "igbá", "ìgbà" àti "igbà", kí ó na ọwọ́ rẹ̀ tán, kí ó sì kà wọ́n sókè. Bí ó bá ṣì í kà, áàpù náà kò tíì yege.

Ìdánwò wọ̀nyí kò gba ju wákàtí kan lọ, kò sì sí èyí tí olùkọ́ kan kò lè ṣe fúnra rẹ̀. Kí a kọ wọ́n sínú ìwé àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ohun tí a kò bá béèrè ní ìbẹ̀rẹ̀, owó ọ̀tọ̀ ni a ó fi rà á ní ìkẹyìn. Àwọn ọmọ tí ń kọ́ ìwé kíkà ní ilé ìwé wa ń rí àlẹ̀mọ́ lára pẹpẹ ìwé ní ìgbà púpọ̀ ju bí wọ́n ti ń rí ìwé gírámà lọ. Bí ohun tí wọ́n ń rí níbẹ̀ lójoojúmọ́ kò bá ní àmì, a kò gbọ́dọ̀ bá wọn wí nígbà tí wọ́n bá ju àmì nù nínú ìdánwò.